Kóòtù Tí Mo Tú

Ọjọ́ kejìlá, oṣù kìíní

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo dọ̀bálẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ kú ọdún tuntun, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àìrí mi. Àbúrò mi ńkọ́? Mo mọ̀ pé òun ló ń gbọ́ gbogbo kùnrùngbùn yín báyìí. Nígbà tí màmá wà láyé, wọn ló ń gbọ́ ọ. Lẹ́yìn wọn, ó kàn mí. Ó ti wá kàn án. Ẹ bá mi sọ fún un pé kí ó máa fara dà á.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó dùn. Ìyàwó mi ti bímọ. Obìnrin ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, orí rẹ̀ sì tóbi díẹ̀. Ìyàwó mi ní ọ̀dọ̀ yín ló ti gbé orí yẹn, mo ní kí ó rọra. Ìyá àti ọmọ wà ní àlàáfíà.

Èyí tó kù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kí ẹ tó kà á. Mo ti fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Wọn ò lé mi, n ò fìdí rẹmi, n ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ọdún kẹta ni mo dé nínú ẹ̀kọ́ ẹnjiníà náà. Ó ku díẹ̀ kí n parí, ṣùgbọ́n díẹ̀ yẹn ni apá mi ò ká. Láàárọ̀ mo ń nu ilẹ̀ ọ́fíìsì, lọ́sàn-án mo wà ní kíláàsì, nírọ̀lẹ́ mo ń fọ abọ́ nílé oúnjẹ kan. Nígbà tí oyún ìyàwó mi ń wúwo, dókítà ní kí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ pátápátá, kí ó máa sinmi. Ó wá ku èmi nìkan. Bàbá, n ò lè pín ara mi sí mẹ́ta.

Mo wá iṣẹ́ tó lè bọ́ ilé. Gbogbo ibi tí mo kan ilẹ̀kùn, ìbéèrè kan náà ni: ìwé-ẹ̀rí rẹ dà? Mo ní mo ti ṣe ọdún mẹ́ta. Ọ̀gá kan rẹ́rìn-ín, ó ní bí wọ́n bá ṣe afárá dé ìdajì, ṣé èmi á gbé mọ́tò mi gba orí rẹ̀? Mo bá a rẹ́rìn-ín, mo jáde. Ojú ọ̀nà ni inú ti wá bí mi.

Obìnrin kan wá ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ní òpópónà wa. Àgbàlagbà ni, ó máa ń ní awò kan lójú, òmíràn lórí. Mo mú ṣòkòtò kan lọ kí ó bá mi ṣẹ́ etí rẹ̀. Ibi tí mo dúró sí ni mo ti rí i tí ó ń tiraka láti ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi itọ́ tọ́ òwú lẹ́nu, mo kì í bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Ta ni télọ̀ nílé yín?" Mo ní bàbá mi ni. Ó ní kí n máa bọ̀ lọ́jọ́ kejì.

Bí mo ṣe di ẹni tó ń ṣẹ́ etí ṣòkòtò, tó ń pààrọ̀ síìpù nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ń rán kóòtù fún un ti darúgbó, ó fẹ́ lọ sinmi. Obìnrin náà ní bí mo bá lè rán odindi kóòtù ọkùnrin kan kí oṣù keje tó parí, kí ó sì dára lójú òun, ipò bàbá náà di tèmi. Iṣẹ́ gidi ni, èyí tó lè gbọ́ bùkátà ilé àti ọmọ. Bí n kò bá lè ṣe é, á mú ẹlòmíràn, èmi á sì padà sídìí abọ́.

Gbogbo wọn ló rò pé ọmọ télọ̀ ti mọ aṣọ rán láti inú wá. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ pé n ò mọ̀ ọ́n. Bí mo bá ti yọjú sí ṣọ́ọ̀bù, "Ìwé rẹ dà?" lẹ máa ń sọ, ẹ ó sì na sísáàsì sí ọ̀nà ilé. Òwú kíkì ni mo kọ́ níbẹ̀, torí pé màmá máa ń rán mi wá gbé oúnjẹ fún yín. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àwọn okùn yín nìkan ni mo rántí. Mo sọ ọ́ fún obìnrin náà, kò gbà mí gbọ́: pé ẹ kì í lo téèpù, pé okùn lẹ fi ń wọn ènìyàn, ẹ ó ta kókó kan fún èjìká, kan fún àyà, kan fún apá, pé okùn oníkálukú wà lórí ìṣó tirẹ̀ lára ògiri, ẹ ó sì dijú, ẹ ó fi ìka mọ ti ẹni tó jẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ kọ́ mi. Ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà bí ẹ ṣe ń gbé apá wọ èjìká kóòtù. Ìyókù, mo lè fi ọgbọ́n ṣe é.

Èmi ni ọmọ yín.

———

Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kejì

Ọmọ mi,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Sọ fún ìyàwó rẹ pé ó kú ewu ọmọ. Orí tí ó ń wí yẹn, orí tó ní làákàyè ni, kí ó máa dúpẹ́. Ọlọ́run á dá ọmọ náà sí fún wa.

Ìyókù lẹ́tà rẹ, mo kà á, mo pa á dé, mo jáde lọ dúró síta. Àwọn tó ń kọjá ń kí mi, n kò dá wọn lóhùn. Ṣé o mọ̀ pé kì í ṣe ìwà mi.

Ogójì ọdún ni mo fi kúnlẹ̀ níwájú ọmọ aráyé. Abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu mi, mò ń wọn ẹsẹ̀ ṣòkòtò wọn, àwọn kan á máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí mi bí ẹni pé àga ni mí. Mo kúnlẹ̀ kí ìwọ má bàa kúnlẹ̀. Ìdí tí mo fi ń lé ọ nílé iṣẹ́ nìyẹn, kì í ṣe pé mo kórìíra rẹ. O wá gun ọkọ̀ òfuurufú lọ sí òpin ayé kí o lè lọ kúnlẹ̀ fún àjèjì! Iṣẹ́ tí mo fi pamọ́ fún ọ lo lọ wá jáde.

Mi ò ní kọ́ ọ. Ta ló tilẹ̀ ń kọ́ ènìyàn ní iṣẹ́ télọ̀ nínú lẹ́tà? Ó dà bí kí n kọ́ ọ ní odò wíwẹ̀ nínú lẹ́tà. Ọjọ́ tí o bá kó sómi, bébà náà á tutù, ìwọ náà á tutù. Padà sílé ẹ̀kọ́. Bẹ̀ wọ́n. Kí ìyàwó rẹ ṣe sùúrù, kí ọmọ náà ṣe sùúrù, ó kéré, kò mọ̀ pé òun ń ṣe é.

Gbọ́ èyí. Aṣọ tí mo máa fi rán kóòtù rẹ, mo ti rà á láti ọjọ́ tí o wọlé ẹ̀kọ́. Dúdú bí aró ni, ó nípọn, kò sí irú rẹ̀ lọ́jà mọ́. Okùn rẹ ṣì wà lórí ìṣó rẹ̀. Mo ti gé aṣọ náà, mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í rán an. Ọjọ́ tí o bá gba ìwé-ẹ̀rí ni o máa wọ̀ ọ́.

Má wo ọwọ́ ìkọ̀wé mi. Iná ilé yìí kò mọ́lẹ̀ dáadáa.

Bàbá rẹ.

———

Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Mo kí yín, mo tún yín kí. Lẹ́tà yín dé, ó sì dùn mí. Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ kó dùn mí.

Mo lọ sílé ẹ̀kọ́. Ẹ má ṣe rò pé n ò lọ. Akọ̀wé wọn ní àyè wà, kí n máa bọ̀ nígbà tí mo bá ti lè wà ní kíláàsì láti àárọ̀ títí dé ìrọ̀lẹ́. Mo ní, ta ni yóò máa bọ́ àwọn ará ilé mi ní gbogbo ìgbà yẹn? Ó ní ìyẹn kò sí nínú ohun tí wọ́n gbà á síbẹ̀ fún. Kò ṣe àìdára sí mi, òtítọ́ ló sọ. Láti ìgbà yẹn n ò gba ojú ọ̀nà yẹn mọ́. Tí mo bá rí àwọn ọmọ kíláàsì mi nínú ọkọ̀, ojú fèrèsé ni mo máa ń wò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ibi iṣẹ́ ṣe rí, bóyá inú yín á rọ̀. Yàrá kékeré ni, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí òpópónà. Ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ọ̀kan máa ń kọ́ bí arúgbó. Áyọ́ọ̀nù wọn ń mí èéfín. Ọkùnrin arúgbó tó ń rán kóòtù kì í bá ènìyàn sọ̀rọ̀, ẹ̀yìn ló máa ń kọ sí mi tí ó bá fẹ́ gbé apá wọ èjìká. Ó ní òun náà jìyà kí òun tó mọ̀ ọ́n. Ó fẹ́ kí ọmọ ẹ̀gbọ́n òun gba ipò náà.

Mo ti gbìyànjú ẹ̀ẹ̀mẹta. Aṣọ àkísà ni mo fi ń dán an wò. Apá àkọ́kọ́ yí lọ sẹ́yìn. Ti ẹ̀ẹ̀kejì rọ̀ dirodiro. Ti ẹ̀ẹ̀kẹta, mo wọ̀ ọ́ délé kí ìyàwó mi lè wò ó, ó ní mo dà bí ẹni tí ọlọ́pàá ti dè lọ́wọ́. A rẹ́rìn-ín títí ọmọ fi jí. Lẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín mọ́, ó béèrè pé, "Tí kò bá wá bọ́ sí i ńkọ́?"

Apá máa ń tóbi ju ihò tó yẹ kó wọ̀, ìyẹn ni kò yé mi. Níbo lẹ máa ń fi èyí tó ṣẹ́kù sí? Ohun kan yẹn péré ni mo bẹ̀ yín fún. Ẹ bínú sí mi nínú gbogbo ìyókù, ẹ fún mi ní èsì ìyẹn.

Ọmọ yín.

———

Ọjọ́ kọkànlá, oṣù karùn-ún

Bàbá mi,

Ṣé lẹ́tà mi dé? Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wo ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó ń pín lẹ́tà ti mọ̀ mí, láti ọ̀nà jíjìn ló ti máa ń mi orí fún mi pé kò sí.

Bí ó bá jẹ́ pé ìbínú ni, ẹ kọ ìbínú náà ránṣẹ́, n ó kà á. Èyí tí ẹ dákẹ́ yìí ló ń jẹ mí lọ́kàn. Ọmọ-ọmọ yín ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọkùnrin arúgbó náà ti ń kó ẹrù rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ọmọ yín.

———

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹfà

Ẹ̀gbọ́n mi,

Èmi àbúrò yín ni mò ń kọ ọ́, Bàbá ló ń sọ ọ́. Wọ́n ní bí wọ́n bá ṣe sọ ọ́ ni kí n kọ ọ́. Èyí tí mo bá fi sáàárín àmì àkámọ́, tèmi ni.

Ọmọ mi, mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ àti ọmọ. Àwọn lẹ́tà rẹ dé. Mi ò kọ̀wé torí pé ọwọ́ mi dí. (Ọwọ́ wọn ò dí.) Iṣẹ́ pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. (Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ti mú mi búra pé n ò ní sọ ohun kan, n ò sì ní sọ ọ́. Wọ́n ní, kí ni mò ń kọ síbẹ̀ tó gùn tó báyìí? Mo ní mò ń kí yín dáadáa ni.)

Kóòtù rẹ ti parí. Ọmọ àdúgbò kan ń bọ̀ lọ́hùn-ún, mo ti fi rán an. Mo ti dì í sínú bébà, má tú bébà náà. Gbé e kọ́ síbi tí kò sí òòrùn. Ọjọ́ tí wọ́n bá pe orúkọ rẹ nílé ẹ̀kọ́ ni kí o tó wọ̀ ọ́, kí o ya fọ́tò, kí o fi ránṣẹ́. (Wọ́n sọ ti fọ́tò yìí tán, wọ́n ní kí n pa á rẹ́. N ò pa á rẹ́.)

Ọ̀rọ̀ apá àti èjìká tí o ń béèrè, mi ò ní sọ nǹkan kan. Bí mo bá sọ ọ́, èmi ni mo ti ilẹ̀kùn ilé ẹ̀kọ́ mọ́ ọ. Má bẹ̀ mí mọ́.

Bàbá rẹ.

(Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ tọ́jú kóòtù yẹn. Ẹ jọ̀ọ́.)

———

Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù keje

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín pẹ̀lú ayọ̀, mo sì kí yín pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Ẹ ò kọ lẹ́tà sí mi fúnra yín mọ́, àbúrò mi lẹ fi ń ránṣẹ́. Ó yé mi, inú ń bí yín débi pé ẹ ò fẹ́ fọwọ́ ara yín kọ orúkọ mi. Ẹ fara balẹ̀ ka èyí dópin ná.

Kóòtù dé. Mo gbé e kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn nínú bébà rẹ̀ bí ẹ ṣe wí. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, mò ń kọjá lára rẹ̀, mò ń wojú rẹ̀. Lọ́jọ́ ìsinmi kan, ìyàwó mi gbé ọmọ jáde, mo yọ ọ́, mo gbé e wọ̀. Kò gbà mí. Èjìká fún mi pinpin, bọ́tìnnì ò kàn. Mo fẹ́ bọ́ ọ padà nígbà tí mo rí ara mi nínú dígí. Èjìká náà, Bàbá! Bó ti fún mi tó, apá rẹ̀ dúró ṣinṣin, kò yí, kò rọ̀. Èsì ìbéèrè tí ẹ kọ̀ láti dáhùn wà lára mi.

Mo jókòó sójú fèrèsé, mo mú abẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, mo sì tú u.

Ojú rírán kan, mo dúró, mo yà á sí bébà. Òmíràn, mo yà á. Mo rí ibi tí ẹ ti fi òwú fa apá jọ díẹ̀díẹ̀ kí ó tó wọ ihò rẹ̀, tí ẹ fi áyọ́ọ̀nù pa èyí tó ṣẹ́kù sínú aṣọ títí kò fi hàn mọ́. Mo rí aṣọ líle tí ẹ tò sí àyà rẹ̀. Àpò, kọ́là, aṣọ inú, gbogbo rẹ̀ ni mo tú, torí kò sí èyí tí n ò nílò. Ó gbà mí ní gbogbo àkókò ìsinmi mi. Lẹ́yìn náà ni mo rán kóòtù tí obìnrin náà ní kí n rán. Ó gbé e wọ oníbàárà rẹ̀, ó yí i ká, ó yọ awò ojú, ó fi ti orí rọ́pò rẹ̀, ó tún yí i ká. Ọkùnrin arúgbó náà wá wò ó, ó ní, "Ta ló kọ́ ọ?" Mo ní bàbá mi ni.

Mo ti gba iṣẹ́ náà, Bàbá. Mo ti sọ fún àwọn ará ilé oúnjẹ pé n ò wá fọ abọ́ mọ́. Ìyàwó mi sunkún, ó ní kí n sọ fún yín pé kí Ọlọ́run ṣàánú yín bí ẹ ṣe ṣàánú òun.

Ẹ jẹ́ kí n fi yín ṣẹ̀fẹ̀ díẹ̀, torí inú mi dùn. Kí ló ṣe yín nínú kóòtù yìí? Mo rí ibi tí ẹ ti rán ojú kan lẹ́ẹ̀mejì. Mo rí ibi tí ó ti wọ́. Lábẹ́ apá òsì, òwú búráùn lẹ lò lórí aṣọ dúdú! Ṣé ọmọ iṣẹ́ lẹ gbé e fún ni, àbí ẹ ti ń kánjú lọ jẹun? Bí ó bá jẹ́ télọ̀ ẹgbẹ́ yín ló rán an bẹ́ẹ̀, ẹ̀ bá ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Mo ti kó kóòtù náà sínú àpò. Bí ọwọ́ mi bá dilẹ̀, n ó wo ohun tí mo lè fi ṣe.

Ọmọ yín, télọ̀.

———

Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹjọ

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú oríire. Bàbá ò mọ̀ pé mò ń kọ èyí. Inú ń bí mi sí yín, kò sì yẹ kí àbúrò sọ ọ́ báyìí fún ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n bí n kò bá sọ ọ́, yóò bẹ́ mọ́ mi nínú.

Ojú Bàbá ti lọ. Láti ọdún tó kọjá ni wọ́n ti ń sọ pé iná ilé kò mọ́lẹ̀. Mo pààrọ̀ gílóòbù, wọ́n ní kò tíì mọ́lẹ̀. Nígbà tí mo fi máa fi ipá mú wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà, ó ní ká ní a tètè wá ni. Lẹ́tà tí wọ́n fi bú yín yẹn ni ohun tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ kẹ́yìn. Kì í ṣe ìbínú ni wọ́n fi ń rán mi níṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. Wọn ò rí bébà ni.

Kóòtù yẹn, ìka ni wọ́n fi rán an. Èmi ni mò ń ki òwú fún wọn láàárọ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́ mi, n ó to àwọn abẹ́rẹ́ sára àga fún wọn. Wọ́n á fi ìka tẹ̀ lé ojú rírán, wọ́n á tú u, wọ́n á tún un rán. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n gbé e lọ fún télọ̀ mìíràn kí ó bá wọn parí rẹ̀. Ìdáhùn wọn ni pé, "Ta ló mọ èjìká ọmọ mi?" Ọjọ́ tí wọ́n parí rẹ̀, wọ́n gbé ẹ̀rọ wọn fún obìnrin tó ń rán kọ́tìnnì lójúde wa. Kò sí ṣọ́ọ̀bù mọ́. Kóòtù yẹn ni nǹkan tí wọ́n rán kẹ́yìn láyé.

Èmi ni mo ka lẹ́tà yín sí wọn létí. N ò mọ ohun tó wà níwájú, mo kàn ń kà á lọ ni. Nígbà tí mo dé ibi tí ẹ ti ní ẹ tú u, wọ́n ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Nígbà tí mo dé ibi òwú búráùn, ó ti pẹ́ kí n tó rí i pé ó yẹ kí n fò ó. Wọ́n ní, "Ìwọ lo mú òwú yẹn fún mi?" Mo ní rárá, ọjọ́ yẹn n ò sí nílé. Wọ́n ní, "Mo rò pé dúdú ni."

Láti ìgbà náà, ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù tó ti pa ni wọ́n máa ń jókòó sí. Ẹ ò mọ̀, mo mọ̀ pé ẹ ò mọ̀. Èmi náà ni kò jẹ́ kí ẹ mọ̀. Ká ní mo ti da ìbúra yẹn nù ni. Ó ń dùn mí, ẹ̀gbọ́n mi.

Àbúrò yín.

———

Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹsàn-án

Bàbá mi,

Mo mọ̀ pé àbúrò mi ni yóò ka èyí sí yín létí. Àbúrò mi, má fo ohunkóhun.

Ẹ má bá a wí. Ó sọ fún mi, ó sì yẹ kí ó sọ. Bàbá, ẹ dárí jì mí. Nígbà tí mo ka lẹ́tà rẹ̀ tán, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ilé ìdáná, ìyàwó mi rò pé ẹnì kan kú ni. Ọ̀rọ̀ òwú yẹn ni kò jẹ́ kí n gbádùn. Mò ń rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ, mò ń gbọ́ ara mi tí mò ń fi yín ṣẹ̀fẹ̀. Ohun tí ẹ fi ìka nìkan rán, mo fi abẹ tú u, mo tún ní ó wọ́.

Mo ti tún kóòtù náà rán. Ihò abẹ́rẹ́ yín ṣì wà lára aṣọ, mo gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, mo ń tẹ̀ lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ẹ rán lẹ́ẹ̀mejì, mo rán an lẹ́ẹ̀mejì. Ibi tí ó wọ́, mo jẹ́ kí ó wọ́. Obìnrin náà bi mí pé kí ló dé tí mò ń ki òwú búráùn fún aṣọ dúdú. Mo ní bí ó ṣe wà nìyẹn.

Ó ti rí bí ẹ ṣe rán an, ó kàn jẹ́ pé kò gbà mí ni. Ẹ fi àyè púpọ̀ sílẹ̀ nínú àwọn ojú rírán, mo rí i; bí mo bá tú u sílẹ̀ díẹ̀, yóò gbà mí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí láti tún fọwọ́ kan iṣẹ́ yín. N ò tíì gba ìwé-ẹ̀rí, n ò sì mọ̀ bóyá mo máa gbà á láéláé. Ṣé kí n dá kóòtù yín padà?

Ọmọ yín.

———

Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹwàá

Ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ. Àbúrò rẹ ló ń kọ ọ́. Mo ti ní kí ó má fi ohunkóhun sáàárín àmì, torí mo ti mọ̀ pé ó ń ṣe é. (Ta ló sọ fún wọn?)

Kọ́kọ́ dákẹ́ ẹ̀bẹ̀. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ ọ̀gá mi, òun náà máa ń kọ ẹ̀yìn sí wa tí ó bá fẹ́ gbé apá wọ èjìká. Mo jí kóòtù rẹ̀ kan gbé, mo tú u lẹ́yìn ilé. Ó gbá mi létí, etí yẹn ṣì ń hó títí dòní bí òjò bá fẹ́ rọ̀. Ó wá wo ohun tí mo rán, ó gbé àga kan fún mi. Ọjọ́ tí àbúrò rẹ ka lẹ́tà rẹ, ọ̀rọ̀ náà dùn mí, mi ò ní purọ́. Òwú yẹn ló dùn mí jù. Lẹ́yìn náà mo rántí etí mi.

Ìwé tí mo fẹ́ kí o gbà, mo ṣì fẹ́ ẹ. Bí àyè rẹ̀ bá yọ lọ́jọ́ kan, lọ gbà á. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń kọjá ń bi mí pé, ọmọ yín ẹnjiníà ńkọ́? Lánàá mo ní télọ̀ ni. Ọ̀kan ní, "Bíi tiyín?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ti ń bọ́ aya àti ọmọ. Ó ṣòro fún mi láti sọ. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, ara mi fúyẹ́.

Ohun tí mi ò lè tún ṣe ni ti àkókò yẹn. Ìgbà tí ojú mi mọ́ kedere, o máa ń gbé abọ́ oúnjẹ wá, o máa ń fẹ́ dúró, mo máa ń lé ọ lọ. Ká ní mo jẹ́ kí o jókòó ni. Ǹ bá ti fi ọwọ́ mi mú ọwọ́ rẹ, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ apá àti èjìká yẹn ì bá gbà wá. Báyìí, ọwọ́ ṣì wà, ojú kò sí, o sì jìnnà.

Má dá kóòtù padà. Tú u sílẹ̀ kí ó gbà ọ́, ìdí tí mo fi fi àyè sílẹ̀ nìyẹn. Má fọwọ́ kan abẹ́ apá òsì. Wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́.

Okùn kan wà nínú lẹ́tà yìí. Tìrẹ ni. Mo wọ̀n ọ́ láàárọ̀ ọjọ́ tí o ń lọ, o ń kánjú, o ní ọkọ̀ á fi ọ́ sílẹ̀. Òun ni mo fi rán kóòtù náà, ìdí nìyẹn tí kò fi gbà ọ́. Ọmọ yẹn ṣì ni mò ń rán aṣọ fún, mi ò mọ̀ pé ó ti dàgbà. Jẹ́ kí ìyàwó rẹ tún ọ wọ̀n. Kí ó ta kókó tuntun sí ẹ̀gbẹ́ ti àtijọ́, kí ó má tú ti àtijọ́, kí o sì dá okùn náà padà fún mi. Fọ́tò kò wúlò fún mi mọ́. Mo fẹ́ fi ìka mọ bí o ṣe tó.

Kí ó wọn ọmọ náà pẹ̀lú, okùn tirẹ̀ lọ́tọ̀. Kí ó má gbàgbé orí. Mo ti kan ìṣó rẹ̀ mọ́ ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tìrẹ.

Bàbá rẹ.